Ọwọ́ Mi Wà Níbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ilé ìkàwé ńlá fẹ́ kun ògiri iwájú rẹ̀. Ìdíje ni, gbogbo ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ló lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá yege ni yóò kun ògiri náà, wọn yóò sì fún un ní yàrá iṣẹ́ fún odindi ọdún kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń po ọ̀dà, irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni mo ń retí. Pírínsípà pè mí, ó ní wọ́n fẹ́ kí n wà lára àwọn adájọ́. "Ta ló tún mọ iṣẹ́ tó yín, mà?" Ẹnu dídùn. Mo ti ní "bẹ́ẹ̀ ni" kí n tó rántí pé adájọ́ kì í díje. Orí mi yìí!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta
Yàrá ìkọ́ni Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá ní fèrèsé mẹ́rin. Tèmi ní ẹyọ kan, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì dojú kọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta
Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá. Ó ń kun àwòrán, ó ń gbẹ́gi, ó ń mọ amọ̀, ó ń ya fọ́tò, ó ń rán òwú mọ́ kánfáàsì. Ọwọ́ wo ló wá fi ń jẹun? Abẹ́ olùkọ́ kan náà la ti kọ́ṣẹ́, èmi ni olùkọ́ sì máa ń yìn. Òun ló wá pàtẹ iṣẹ́ káàkiri ayé. Ọdún tó kọjá ló dé sí ilé ìwé wa, ó ní òun fẹ́ fi díẹ̀ lé àwọn èwe lọ́wọ́. Kó máa fi lé wọn lọ.

Lónìí ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹnì kan dárúkọ ìdíje yẹn. Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá bú sẹ́rìn-ín. "Ti ilé ìkàwé? Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ o!"

Ó ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nìyẹn. Oúnjẹ korò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta
Méjìlá nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ti ń lọ sí kíláàsì rẹ̀ ní Sátidé. Àǹtí sọ báyìí, Àǹtí ṣe báyìí. Ọpẹ́ ni pé Àbíkẹ́yìn mi kò sí lára wọn. Lẹ́sìn ìṣirò lòun ń lọ ní Sátidé ní tiẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo bá a tún àwòrán kan kùn kó lè gún régé. Kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti gbà pé iṣẹ́ yìí kò sí lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta
A ṣèdájọ́. Àwa mẹ́ta: Baba Agbẹ́gilére tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ìkàwé, èmi. Nọ́ńbà ló wà lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ wà nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa.

Nọ́ńbà kẹrìnlá. Obìnrin kan jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń kun nǹkan tí a kò rí. Ọ̀dà pupa ló wà lábẹ́ àwọn ọ̀dà yòókù, ó ń yọjú létí létí. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán èjìká obìnrin náà mọ́ ògiri. Afọ́jú á mọ̀ pé ọwọ́ Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá ni! Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó dára. Ó dára débi pé inú bí mi. Òwú ni wọ́n fi rán an, owú lèmi fi wò ó.

Nínú ogún, Baba fún un ní méjìdínlógún, ọ̀gá ilé ìkàwé fún un ní mẹ́tàdínlógún. Mo kọ mẹ́jọ. Baba wò mí. Nọ́ńbà kẹfà ló yege, máàkì méjì péré ló fi jù ú lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta
Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta
Wọ́n tú àwọn àpò ìwé. Baba ló já ti nọ́ńbà kẹrìnlá. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní, "Ìyá wa, ṣé orúkọ ilé yín kọ́ nìyí?"

Orúkọ ọmọ mi ni. Àbíkẹ́yìn. Ó kọ àkọlé iṣẹ́ náà sísàlẹ̀: Mọ́mì Níbi Iṣẹ́.

Lẹ́sìn ìṣirò! Ẹ̀yìn ara mi ni mo ń wò tí mi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo rí, n kò rí ọwọ́ ọmọ. "Ọwọ́ mi wà níbẹ̀" — Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá ló kọ́ ọ, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Baba ní ṣé ká tún un wò. Báwo? Bí mo bá yí máàkì padà lẹ́yìn tí mo ti rí orúkọ, ojúsàájú ni. Adánilóró gbàgbé ọ̀la, wọ́n máa ń sọ ọ́. N kò mọ̀ pé yàrá kejì nínú ilé mi ni ọ̀la yẹn ń sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta
Mo ń wo Àbíkẹ́yìn bó ṣe ń jẹun. Kò tíì gbọ́.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta
Wọ́n ti lẹ máàkì mọ́ pátákó, láìsí orúkọ adájọ́. Àbíkẹ́yìn dà á kọ sínú ìwé pélébé kan, ó gbé e wá bá mi. Ó ní kí n má bínú pé òun kò sọ. Òun fẹ́ kí n rí i láìmọ̀ pé tòun ni, kí n lè sọ òótọ́. Ojú tì mí. Ó wá bi mí ta ló fún òun ní mẹ́jọ.

Mi ò bá ti parọ́. Mo ní èmi ni. Mo ní mo rò pé iṣẹ́ Àǹtí wọn ni, mo sì ń jowú rẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti ń jowú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti múra de ẹkún. Mo ti múra de ìbínú pàápàá, mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

"Ẹ rò pé Àǹtí ló kùn ún? Ẹ̀yin, Mọ́mì? Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ṣì rò pé Àǹtí ni?"

N kò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ yìí rí. Ó dì mọ́ mi, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ló sáré lọ, kó lè sọ fún un.