Kọ́mú Tó Ń Ṣí Níwájú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń gbọ́ ètò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Àdúgbò Kpata níbí là ń gbé, ará ilé wa sì ń gbọ́ yín.

Oṣù tó kọjá ni mo bímọ. Ọmú mi kún, ó le, kọ́mú mi fún mi pinpin, gbogbo ẹ̀wù mi ló sì ní síìpù lẹ́yìn. Ni mo bá ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi, torí bọ́tìnnì iwájú. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, àlejò ń bọ̀, ẹ̀wù ọkùnrin lo wọ̀!" N kò bínú. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń wo ọmọ mi, bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ra kọ́mú òwú wá fún mi, èyí tó ń ṣí níwájú, tí kò ní wáyà. Bó ṣe ń bá mi wọ̀ ọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ó ń dùn ẹ́?" Látìgbà tí mo ti bímọ, ọmọ nìkan ni wọ́n ń béèrè. Mo kàn dúró, omi ọmú ń kán sí i lọ́wọ́.

Ara ti tù mí. Ọkàn mi ni kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ó ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé kí n sọ ti ọkàn mi yìí fún un?