Ta Ló Ni Àká?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Wọ́n ti ta Àká. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló sọ fún mi — ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá gba orin lọ́dọ̀ wa kọ̀wé sí mi: "Mo gbọ́ pé ẹ ti ta ìkànnì yín, mà. Ẹ kú oríire o." Oríire kẹ̀!

Àká ni mò ń pè é, torí ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀ bu tirẹ̀: orin, fíìmù, ìwé, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olórin ń bú wa, wọ́n ní olè ni wá. Kí wọ́n máa bú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Inú yàrá mi la ti dá a sílẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà mi, èmi àti ọmọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀, tí mo sọ ní Ẹlẹ́nu-Oyin. Òun náà ló lọ tà á. Ta ló rà á? Mi ò mọ̀. Wọn ò tiẹ̀ bi mí!

Ọjọ́rú, 5

Mo pè é títí. Kò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo lọ ká a mọ́ ọ́fíìsì ẹ̀. Ó ní kí n jókòó, mo ní ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn. Ló bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi ń mú gbogbo ayé. "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ ká bínú síra wa. Ẹ̀ ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ni. Èmi ni mo ni ín."

Mo ní ta ló rà á. Ilé-iṣẹ́ kan. Ta ló ni ilé-iṣẹ́ náà? Ó ní wọn ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn. Ẹni tó ra nǹkan tó wá ń fi ojú pamọ́! Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ilé Màmá. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Olórin ni. Àwo orin ẹ̀ tó ṣe lọ́dún tó kọjá ò tíì jáde tó fi dé orí Àká. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ẹlẹ́nu-Oyin dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, "ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́" ló kù láàárín wa.

Màmá ló ṣe àṣìṣe, tó sọ ọ̀rọ̀ títà náà létí ẹ̀. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n wá jí ohun tẹ́ ẹ jí?"

Màmá ní kó panu mọ́. Mi ò lè jẹun mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo yọjú sí Àká. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Olùkọ́ àgbà kan wà tó máa ń kó àwọn ìwé tí wọn kì í tẹ̀ mọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ìwà wo nìyẹn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ẹgbẹ́ àwọn olórin ti pe Àká lẹ́jọ́, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa dé kóòtù. Ilé ta ni wọ́n gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá? Ilé mi! Mo ní wọ́n ṣìnà. Ẹni tó mú un wá ní, "Rárá, mà. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín."

Mo pe Ẹlẹ́nu-Oyin. Lónìí, ó gbé e. Ohùn ẹ̀ ti tutù. "Àǹtí mi, nígbà tí mo lọ forúkọ ìkànnì sílẹ̀, orúkọ yín ni mo fi sí i. Ẹ̀rù ẹjọ́ ló ń bà mí nígbà yẹn. Mo kàn gbàgbé láti yí i padà ni."

Gbàgbé! Nígbà tí oríire dé, òun ni baba ọmọ. Ẹjọ́ dé, ọmọ di tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 20

Lọ́yà àwọn tó rà á wá. Ó ń pè mí ní mà, mà, mà. Kí n ṣáà fọwọ́ sí i pé mo ti gbé Àká fún wọn. Mo ní ẹjọ́ ńkọ́? Ó wúkọ́. "Ẹjọ́ ṣì jẹ́ tiyín, mà. Kí wọ́n tó rà á lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀."

Kí wọ́n gbé ẹran, kí n gbé eegun. Mo ní, "Ta ló rán yín gan-an?" Ó ní òun ò lè dárúkọ wọn. Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Tí mo bá ni ín, mo ni ín nìyẹn. Mo kàn sí àwọn tó ń forúkọ ìkànnì sílẹ̀. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní òótọ́ ni, èmi ni. Kí ni mo fẹ́? Mo ní kí wọ́n tì í.

Ọdún mẹ́sàn-án. Kò pẹ́, Àká ò ṣí mọ́ níbì kankan.

Ẹlẹ́nu-Oyin pè, ó ń pariwo bí ẹni tí iná ń jó: "Ẹ ti pa mí! Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn yìí?"

Mo ní, "Kí ló kàn ọ́ ńbẹ̀? Ṣé ìwọ lo ni ín?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Èébú lórí fóònù látàárọ̀. Àwọn tó ń gba orin lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìkà ni mí. Mo kà díẹ̀, mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo pe àbúrò mi. Mo ní màá dìde ní kóòtù lọ́la, màá ní èmi ni mo ni ín, màá sì sọ ẹni tó ń dá orin ẹ̀ padà, àti bó ṣe tà á fún àwọn tó ń fojú pamọ́.

Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé mo wà lára àwọn tó pè yín lẹ́jọ́?"

Mo ní mo mọ̀.

"Ẹjọ́ náà á le o, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò sì ní jáwọ́."

Mo ní kó má jáwọ́.

Ó wá ní, "Ẹ má wọ ọkọ̀ èrò lọ. Màá wá gbé yín láàárọ̀."