Ojú Oórì Nafisah

Ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà Mẹkáníìkì,
Ẹ̀yìn Ọjà Mpape,
Àbújá.
9 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Gafar, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwa náà ń mí, alihamudulilahi. Má bínú pé n kò gbé ìpè rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù, ni mo ṣe mú bírò.

O gbọ́ nígbà tí ibà pa Nafisah, ọmọ mi, ní oṣù kìíní ọdún. Ohun tó o ò gbọ́ ni pé a ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Toheeb, tá a jọ ń tún mọ́tò ṣe, ló bá mi gbé e lọ sin sórí òkè ẹ̀yìn àdúgbò wa. Nígbà tó dé, ó fẹ́ júwe ibẹ̀, mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ṣebí o mọ̀ pé òbí kì í wo sàréè ọmọ nílé wa. Ní oṣù kẹjọ, jàǹbá ọkọ̀ pa Toheeb lọ́nà Lọ́kọ́ja. Lébìrà tó bá a gbẹ́ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù. Tèmi kú, ó sì tún nù.

Rísíkàt ìyàwó mi ò jẹun mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń gun òkè lọ sáàárín àwọn tó ń fọ́ òkúta, tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà wò ó títí, ó kọjú sí mi, ó ní, “Oga, your wife has broken down.” Gafar, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn kọ́sítọ́mà. Bí mọ́tò bá bíréèkì dáùn, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá wá ohun tó kú níbẹ̀, màá pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Dókítà, ibo ló ti bàjẹ́?” Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ fún èèyàn náà, bí ìbànújẹ́ bá ti borí ọkàn rẹ̀. Ó wá kọ oògùn oorun fún wa. Kai! Oògùn oorun! Èmi mọ ohun tó ń ṣe é, torí ọwọ́ mi ló ti wá.

Mo bá gbọ́n ọgbọ́n òmùgọ̀ kan. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dá gun òkè lọ, mo rí ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo to òkúta yí i ká. Mo padà lọ mú Rísíkàt wá. Mo ní, “Ìyá Nafisah, ibí ni.” Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ilẹ̀ náà. Ọkàn mi ti fẹ́ balẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó rọra bi mí pé, “Ṣebí Toheeb ti kú. Ta ló fi ibẹ̀ hàn yín?”

Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, Gafar. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé. Bí wọ́n bá béèrè Rísíkàt, sọ pé ó wà. Má wulẹ̀ ní o ń bọ̀, kò sí ohun tó o fẹ́ wá ṣe. Àná ni katapílà àwọn tó ń fọ́ òkúta dé sórí òkè náà, ó ń wú gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Rísíkàt ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ tú erùpẹ̀ tó bá dà sílẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́,
Mùkáílà.