Mo Fi Òkùnkùn Pa Oògùn Mọ́ Sára Ìyá Rẹ

Rifaat ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìjókòó Káírò, mo kí ọ kú àárẹ̀ iṣẹ́, mo sì kí àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ nínú ilé alájà gíga yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n já lù ọ́ lójú oorun. Ẹfọ̀n wa ti bímọ, abo ni. Ọ̀pẹ dábínù ẹ̀yìn ilé so lọ́dún yìí débi pé ó ń tẹ̀ ba, ó ń bẹ̀ wá pé ká sọ ẹrù orí òun kalẹ̀. Ìyá rẹ wà láàyè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tètè kọ ìyẹn síbí, torí bóyá ẹnìkan lábúlé ti sọ nǹkan mìíràn fún ọ.

Mo mọ̀ pé ò ń pè wá. Mo ti ri fóònù mọ́ inú ìkòkò àlìkámà, nítorí ojú rẹ̀ máa ń tàn, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mò ń bá jà. Tó o bá ti pè, àlìkámà á mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, á sì máa kùn bí oyin. Adìẹ kankan ò sún mọ́ ọn mọ́.

O ti sáré padà síbi iṣẹ́ kí dókítà obìnrin yẹn tó ṣàlàyé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n kán sí ìyá rẹ níṣan ló kọ́kọ́ gba agbára lọ́wọ́ kókó ọ̀fun náà. Oògùn kejì wá wọ inú kókó lọ sùn, àfi ìgbà tí iná léésà pupa kàn án ló jí, tó sì ń jó ohun tó bá nítòsí. Ó ní ìyókù oògùn tó ń sùn yìí ṣì wà lábẹ́ awọ ara rẹ̀, kí oòrùn má kàn án rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bó o bí ẹni bó ẹ̀pà. Títí dé ibẹ̀ a gbọ́ra wa yé. Àfi bó ṣe tún ní kí n máa tan àtùpà kékeré sí i nínú ilé, pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ oògùn náà kúrò. Mo mi orí. Nínú mi mo ní obìnrin yìí rò pé ará oko ò gbọ́n. Ta ló ń ra epo tán tó tún ń dá ìdí kèrègbè lu? Oògùn tí a tìtorí ẹ̀ ta ilẹ̀ etí odò, kí n wá tanná kó máa jò lọ?

Bí a ṣe délé ni mo fi amọ̀ rẹ́ ojú fèrèsé, mo fi àpò di abẹ́ ìlẹ̀kùn, mo kọ ojú dígí sí ògiri. Òkùnkùn náà nípọn débi pé ológbò wa forí gbá ògiri, ó bínú kó lọ sílé aládùúgbò. Iná léésà ti mú kí ọ̀fun ìyá rẹ há, kò lè ju kó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń wá ẹnu rẹ̀ kí n tó fún un lọ́bẹ̀. Nígbà míràn ọwọ́ mi á dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní bá nǹkan kan, ohùn rẹ̀ á wá ti ẹ̀yìn mi wá, á ní kí ni mò ń wá níbẹ̀ yẹn.

Ilé tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án, tí rédíò rẹ̀ dákẹ́, o mọ ohun tí wọ́n máa ń rò nípa ẹ̀ lábúlé wa. Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bahiya àbúrò mi ló kọ́kọ́ figbe ta lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin tó kù sì tẹ̀ lé e wọlé nínú aṣọ dúdú pẹ̀lú àwo oúnjẹ, ẹkún tí wọ́n sun tó bomi rin oko àgbàdo. Mo rò pé àìsàn ni wọ́n wá kí. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá, ta ni yóò lé e? Mo ní kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bahiya, tó máa ń sọ pé búrẹ́dì ìyá rẹ le ju bíríkì lọ, òun ló ń bèèrè pé ta ni yóò tún yan búrẹ́dì fún àwọn. Shaaban awakọ̀ gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ìyókù ọjọ́ ayé ìyá rẹ kún tèmi, bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Rifaat, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé èèyàn kì í gbọ́ irú àdúrà yẹn kó dákẹ́. Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú. Mo ní àmín.

Ìgbà náà ni ohùn wúyẹ́wúyẹ́ kan jáde láti inú òkùnkùn, ó ń bi Bahiya pé ta ló kú.

Mi ò rí i kí àgbàlagbà sáré bẹ́ẹ̀ rí. Bàtà wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà di ìsinsìnyí, ẹnì kan ò wá mú tiẹ̀. Kọfí aláìní-ṣúgà tí wọ́n gbé wá fún òkú tutù sínú ife. Mo lọ bá Shaaban pé Àlàmísì tó ń bọ̀ la ó padà sọ́dọ̀ dókítà fún iná ẹlẹ́ẹ̀kejì, pé bí a ò bá lọ, kókó á tún hù. Àlàfo ìlẹ̀kùn ló ti dá mi lóhùn. Ó ní Bàbá Rifaat, ẹ má bínú, òun kì í gbé òkú láìsí ìwé ìsìnkú, pàápàá òkú tó ń bi àwọn elẹ́kún léèrè ọ̀rọ̀.

Mo padà sílé, mo bi ìyá rẹ bóyá ó gbọ́ àmín tí mo ṣe. Ó wá ní òun gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹkún náà sì wọ òun lára débi pé òun náà sunkún fún obìnrin tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kó tó wá yé òun pé òun ni. Ó ní kí n tan àtùpà kékeré tí dókítà sọ, òun fẹ́ rí ọwọ́ òun. Mi ò tíì tàn án. Ẹ̀rù oògùn tó máa jò ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí mo máa rí ló ń bà mí jù.

Nítorí náà, wá owó mọ́tò, mọ́tò tó ní aṣọ lójú fèrèsé, tí awakọ̀ rẹ̀ ò mọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Má fi owó náà gba inú fóònù, yóò dà pọ̀ mọ́ àlìkámà. Gbé e wá fúnra rẹ kí Àlàmísì tó pé. Ìwọ ni kó o tan àtùpà náà, kó o wò ó dáadáa, kó o sì sọ ohun tó o rí fún mi. Bá mi bi dókítà pẹ̀lú, bóyá àmín ṣe é dá padà.

Kí Ọlọ́run fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kó má bù ú lára tẹnikẹ́ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdul-Mawjud