Akoto Rótìmí

Ire-Akari, Ọjọ́ Ẹtì

Wọ́n fẹ́ tún fíìmù àtijọ́ tí mo darí yà, ti àwọn ọ̀dọ́ tó filé sílẹ̀, tí wọ́n ń gun alùpùpù kiri. Bọ́lá ni yóò kó ipa tí Rótìmí, bàbá rẹ̀, kó nígbà náà.

Ó wá kí mi lónìí. "Bàbá, èmi náà ò ní dé akoto. Ṣebí dádì fúnra wọn ló kọ̀ ọ́?"

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ Rótìmí, kí kámẹ́rà lè rí ojú rẹ̀. Ó ṣubú, ó kú.

Mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Màá dé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún màámi."

Gbogbo Kérésì ni Ìyá Bọ́lá ń gbé oúnjẹ wá fún mi, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ bá a ní Ailegun.