Ohùn Bàbá àti Kọ̀ǹpútà Kékeré Tí O Fi Ránṣẹ́

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Àdúgbò Ìlódè,
                                        Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Mojíre, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Fisáyọ̀mi tó ń yọ eyín nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò ní lọ rí dókítà àfi tí ẹnì kan bá wọ́ ọ lọ, olórí kunkun. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Màmá mi ń jẹun, wọ́n sì ń bá gbogbo ilé jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, nítorí náà ara wọn le.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ láti Àbújá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo tú u, mo rò pé wọ́n ti jí ìyókù rẹ̀ lójú ọ̀nà ni. Ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, tí kò lójú, tí kò ní bọ́tìnì, ìwọ lo ní kọ̀ǹpútà ni! Ọlọ́run á bù kún ọ. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nílé lẹ́yìn ilé ìwé ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sinmi, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Mo tẹ̀lé ohun tí o kọ sínú ìwé, pé ẹ̀rọ náà ò lè dá nǹkan kan ṣe àfi tí mo bá fi láptọ́ọ̀pù mi kọ ètò tí yóò máa darí rẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì, kí n ki káàdì náà bọ̀ ọ́ nínú, kí n wá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n o mọ rédíò kékeré tí Màmá máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Inú káàdì rédíò yẹn ni ohùn Bàbá wà, àdúrà àárọ̀ tí wọ́n máa ń gbà fún wa kí wọ́n tó jáde láyé, níbi tí wọ́n ti ń pe oríkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àràárọ̀ ni Màmá ń tan án. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo fẹ́ kọ ètò náà, mo ní kí n kúkú fi orin tuntun kún un fún wọn. Bí mo ṣe ki káàdì méjèèjì bọ láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, mo sì kọ́kọ́ da orin sórí ti rédíò. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ló ń fẹ̀sọ̀ mú nǹkan nínú èmi àti ìwọ?

Láptọ́ọ̀pù bi mí pé èwo ni kí òun kọ ètò náà sí. Ìwọ̀n kan náà, orúkọ kan náà, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo mú ọ̀kan. Ó tún kìlọ̀ pé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni yóò pa rẹ́, ṣé ó dá mi lójú? Èmi tí mò ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sí nǹkan kan. Mo tú wáyà, mo tún un so, kò sí. Mo fi í sílẹ̀, mo dá káàdì kejì padà sínú rédíò, mo tan án kí n gbọ́ orin tuntun. Kẹ́kẹ́ pa. Mo yọ káàdì yẹn, mo ki í bọ ẹ̀rọ rẹ, tẹlifíṣọ̀n sì tàn yòò, ó ń béèrè orúkọ mi àti èdè tí mo fẹ́ máa lò. Ó dára, Mojíre, ó dára gan-an. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Fóònù tí mo fi gba ohùn náà sílẹ̀ ti bọ́ sínú omi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo gbé káàdì lọ fún Ọdẹ́wálé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mayfair. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orin méjì péré ló rí yọ. Ó ní ibi tí ohùn Bàbá wà gan-an ni ètò tuntun jókòó lé. Ó ń bẹ̀ mí bíi pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi parọ́ fún Màmá pé bátìrì rédíò ti kú. Wọ́n kàn ń wò mí. Lọ́jọ́ kẹrin mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní kí wọ́n bú mi bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n fọwọ́ lé mi lórí.

"Ìyá Ìní, dìde. Ẹni tó bá dúró níwájú mi tó pariwo ni mò ń gbọ́. Ti rédíò yẹn ti di kùùù létí mi láti ọdún tó kọjá."

Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n fi ń tan án láràárọ̀.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ni, tí wàá gbé ìgbálẹ̀ dání tí o ò ní gbálẹ̀? Torí tìrẹ ni mo ṣe ń tan án."

Ọlọ́run gbọ́, Mojíre, mi ò mọ̀ pé mò ń dúró.

Kọ̀ǹpútà rẹ ń ṣiṣẹ́ o, àwọn ọmọ ti ń kọ orúkọ wọn sójú tẹlifíṣọ̀n. Ìníolúwa ọmọ mi kí ọ, Màmá náà ní kí n kí ọ dáadáa. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko Fisáyọ̀mi lẹ́nu fún mi.

Mi ò jẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, torí ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó jọ pé lọ́sẹ̀ tí a sin Bàbá, mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí ọ. Jọ̀ọ́, wá a nínú gbogbo fóònù tó wà nílé rẹ, àtèyí tó ti fọ́. Kì í ṣe torí Màmá. Èmi ni mo fẹ́ gbọ́ ọ, bí Bàbá ṣe ń pè mí ní Àwẹ̀ró.

Tìrẹ nígbà gbogbo,
Tinúadé