Ìwé Dókítà fún Gíláàsì Dúdú

Ilé Béjidé,
Ìmẹ̀sí-Ilé.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejì, 1995.

Olúwajùwọ́nlọ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì Ìbàdàn kò pa ọ́ lára? Àwa wà láàyè níbí, a sì ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà láràárọ̀ kí a tó fẹnu kan omi, pé Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní gbé ọ jù sílẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, akọ kan, abo kan.

Ọ̀rọ̀ Píjò tí o fi ránṣẹ́ sí wa ni mo ṣe mú bírò. Ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n gíláàsì dúdú ara rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. O mọ ilé Barnabas, akọ̀wé ìjọ wa, lójú ọ̀nà oko. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọjá níbẹ̀, kò sígbà tí kì í dá mi dúró fún odidi wákàtí láti ròyìn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tí ọkọ̀ dé, wẹ́rẹ́ ni mò ń kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nígbà tí mò ń kọjá, ó rò pé bíṣọ́ọ̀bù ni mo gbé sẹ́yìn. Àpò ẹ̀gẹ́ méjì ni.

Oṣù tó kọjá ni èmi àti ìyá rẹ lọ sí Òṣogbo. Ní Òkè-Fìà, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Sànúsí dá wa dúró. Ó ní ìjọba ti fòfin de gíláàsì dúdú, àfi ẹni tí dókítà bá kọ̀wé fún pé àìsàn kò jẹ́ kó lè fara da oòrùn. Ó ní tí ìwé náà kò bá dé lọ́jọ́ méje, òun á gba ọkọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ara ọkọ̀ le, kò ṣàìsàn rí, àti pé tó bá tilẹ̀ ṣe é, mẹkáníìkì là ń gbé e lọ bá. Ó ní, Baba, èèyàn inú ọkọ̀ ni mò ń wí.

Ni èmi àti ìyá rẹ bá lọ rí dókítà ojú. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Jùwọ́n, èmi tí mo ti ń ka Bíbélì fún ìjọ láti ọdún mẹ́tàlélógún, ṣé kí n wá ṣi ìwé kà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké? Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún ka orúkọ ẹni tó tẹ ìwé náà jáde. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ojú mi mọ́ ju tòun lọ. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo rántí pé ìfìdírẹmi ni mo bá wá. Mo padà, mo ní kó tún dán mi wò, pé mo ti gbàgbé A. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ibẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ níbi tó jókòó sí, tó ń fi ìborùn nu ojú. Ìyá rẹ ní eruku ni. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, omi sì dà bí ẹni tó ń rẹ́ àlùbọ́sà. Àṣé láti ìkórè èṣín ni oòrùn ti ń dà á láàmú, kò sọ fún mi, kí n má baà ní kó jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Orúkọ ìyá rẹ, Phebe, ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Sànúsí kà á, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ìwé Màmá ni. Ọjọ́ tí òun tàbí ọlọ́pàá mìíràn bá rí ọkọ̀ yìí láìsí Màmá nínú rẹ̀, wọn á gbà á. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ ra epo, Phebe. Ìpàdé àwọn ọkùnrin, Phebe ń dúró dè mí níta. Tí a bá sì dé ilé Barnabas, á yí gíláàsì wálẹ̀, á ní kò dára kí a kọjá láìkí èèyàn. Ó ti di wákàtí méjì báyìí: ẹsẹ̀ Barnabas, ojú Phebe.

Dókítà ní awò ojú dúdú àti oògùn tí wọ́n ń kán sójú á tù ú lára. Ra awò náà ní Ìbàdàn, kí o sì fi owó oògùn ránṣẹ́ kíákíá, má fi falẹ̀. Ìyá rẹ ní tí awò bá ti dé, kí n ha dúdú ara gíláàsì ọkọ̀ kúrò. Mo gbà, torí ojú rẹ̀ jọ mí lójú ju ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n méjì ni kí o rà. Kí tèmi dúdú débi pé ẹni tó dúró síwájú mi kò ní mọ̀ bóyá òun ni mò ń wò.

Ọ̀nà rẹ á máa là, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ọmọ tìrẹ náà á ṣe ọ́ lóore. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan,
Silas Béjidé.